Ẹ Tètè Rà Á Kó Tó Tán

"Ta ló kọ́kọ́ polówó ọjà láyé?" Olùkọ́ na ọ̀pá sí àwòrán ìgò ẹlẹ́rìndòdò tútù lára pátákó.

"Ejò ni, mà!"

"Ẹ káre. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ: 'Ẹ tètè rà á kó tó tán.' Ìdẹ́rùbà lásán! Bí ẹ bá rí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀rùn yìí, gbogbo yín ló gba máàkì pípé nínú ìdánwò."

Lọ́sàn-án, oòrùn mú ganrín-ganrín. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan dúró lẹ́nu géètì, ìgò tútù ń ro omi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mà, ẹyọ kan ló kù o. Ọ̀gá àgbà sì ń bọ̀ wá rà á."

Kíá ni olùkọ́ sanwó. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀ ìgò, ó mí kanlẹ̀.

"Olúwa, o ṣeun."

"Àmín!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́yìn ògiri.