Ìjókòó Ìbílọlá

Ìwà kan ló ba ti Àkànó jẹ́: kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni ní Ìdèrè, ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an. Ṣùgbọ́n kí o tó la ẹnu, ó ti fèsì.

Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, àwọn òkúta kan tò yípo láti ayé àtijọ́. Àwọn àgbà gbà pé ọmọ tó kú kò lọ tán. Bó bá ríbi jókòó, yóò máa padà wá wo ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá kú yóò ṣa òkúta kan lódò, yóò fi orí rù ú gun òkè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń rù ú fún ọmọ kan; a kì í fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í sì í dárúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, àfi lẹ́sẹ̀ òkúta náà.

Lọ́dún 1968, Àkànó ń wá òkúta ìpìlẹ̀ ilé. Ìyá rẹ̀, Hàlímọ̀, pè é.

"Àkànó, jọ̀ọ́, bá mi gun òkè. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí..."

"Màámi, mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fẹ́ ní kí n má fọwọ́ kan òkúta àwọn ará àtijọ́."

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan..."

"Ilé yín náà ni mò ń kọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, tí àwọn obìnrin ti lọ sí Ìgbó-Ọrà, Àkànó àti àwọn lébìrà rẹ̀ gbé òòlù gun òkè. Wọ́n fọ́ gbogbo òkúta náà, wọ́n kó wọn sínú ìpìlẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré lé wọn. Bí àwọn obìnrin ti dé tí wọ́n gbọ́, igbe ta. Hàlímọ̀ ò ké ní tirẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ìpìlẹ̀ náà.

"Mo bí ọmọ kan ṣáájú rẹ. Ìbílọlá lorúkọ rẹ̀. Oyún rẹ wà nínú mi nígbà tí mo ru òkúta rẹ̀. Àkànó, igun wo lo fi í sí, kí n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

Àkànó bọ́ bàtà rẹ̀, ó rọra kúrò lórí ìpìlẹ̀ náà.

Ó parí ilé náà, ó bẹ ìyá rẹ̀ títí, ìyá ò wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò òun fúnra rẹ̀ ní Èrúwà ni ìyá náà lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àkànó nìkan ló kù sínú ilé ńlá. Bí àlejò bá sì dé, á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n rọra tẹ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ máa jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ tán. Bí ẹ kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi gbé nǹkan kalẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó wó o. Òkúta lásán lójú yín lè jẹ́ gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún ìyá kan.