Aṣọ Pupa Orí Pákó

Ìyá ọkọ opó kan ṣì wà láyé nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí ní Igando, kí opó má baà jáde.

“Ìyàwó, ojú fèrèsé tó ẹ, jàre. Erùpẹ̀ ojú oórì ọkọ ẹ ò tíì gbẹ.”

Láti ojú fèrèsé ni opó ti ń wo Ọmọ́wùnmí, ọmọge aránṣọ òdìkejì, tó to pákó lé búlọ́ọ̀kù, tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ aṣọ tó rán yan lórí ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ń wù ú. Èyí tó kẹ́yìn, aṣọ pupa kan, gbòòrò jù lára ẹni tó wọ̀ ọ́.

“Ta ló ni ìyẹn?” opó ké sí i.

Aránṣọ sún mọ́ fèrèsé. “Tiyín ni, mà. Bùbá yín tí mo gbọ́ pé ẹ wá tì, ọkọ yín ló mú un wá kí n fi wo ìwọ̀n yín, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú.”