Ọmọ Tí Kì Í Wo Àgbà Lójú

Lórí ìkúnlẹ̀ ni ìyá náà ti ń bẹ olùkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má lé ọmọ mi kúrò níléèwé. Bẹ́ ẹ bá pè é tí kò dáhùn, kì í ṣe àfojúdi."

"Ẹ dìde, ìyá Àsmá'ù. A ò lé e. Ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà náà ń ta ìdérí ike omi bí òkòtó. "Ṣé ó máa ń wojú yín tẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀?"

Ìyá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Àsmá'ù kẹ̀? Láéláé! Kì í wo àgbà lójú. Bàbá rẹ̀ àgbà tí wọ́n jẹ́ ààfáà ní Kuta máa ń fi í ṣàpẹẹrẹ fáwọn ọmọ kéwú pé, 'Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́.'"

Olùkọ́ ò bá a rẹ́rìn-ín. "Màmá, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ọpọlọ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí tàwọn ọmọ yòókù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í wojú èèyàn. Ó yẹ ká ti máa ràn án lọ́wọ́ láti ọmọ ọdún méjì."

Ẹ̀rín kú lójú ìyá. Lórí ìkúnlẹ̀ kan náà, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Àsmá'ù, jọ̀ọ́, wò mí lójú."

Òkòtó náà ṣì ń yí.