Èdè Tí Jasmaya Wá Yàn

Ní ìlú Hetauda, ẹni tó bá ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀dọ̀ Dilliraj ló ń kọ́kọ́ yà sí. Òkè ṣọ́ọ̀bù bàtà ni kíláàsì rẹ̀ wà. Láàárọ̀ wọn a kọ́ èdè Kòríà, lọ́sàn-án ti Jàpáànù, nírọ̀lẹ́ ti Jámánì. Òun fúnra rẹ̀ ti jìyà fún ọdún mẹ́jọ ní Màléṣíà, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó sì máa ń fọ́nnu pé kí ọmọ tó jókòó lòun ti mọ èdè tó máa gbé e débi ire.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé wá. Jasmaya lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, abúlé orí òkè ló ti wá, eruku bọ́ọ̀sì ṣì wà lára ìborùn rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun wá yan èdè.

"Ta ló fẹ́ kọ́ ọ, Màmá?"

"Nítorí ọmọ mi ni. Binita. Màléṣíà ló lọ."

Ó yé Dilliraj. Irú wọn pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: ọmọ wà níbi iṣẹ́ tí ò lérè, ìyá ń wá ọ̀nà tó máa gbà bọ́ síbi tó sàn. Ó fún obìnrin náà ní àga, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá fún un.

"Ẹ ò jẹ̀bi, Màmá. Màléṣíà ò dùn mọ́. Tó bá jẹ́ owó lẹ̀ ń wá, Kòríà ni. Tó bá jẹ́ pé kó kọ́ṣẹ́ gidi ni, Jàpáànù. Tó bá sì lè tọ́jú aláìsàn, ojú méjèèjì làwọn Jámánì fi ń wá olùtọ́jú. Èwo lẹ mú níbẹ̀?"

"Sọ wọ́n kí n gbọ́."

"Kí n sọ kí ni?"

"Èdè náà. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí ni mo fẹ́ fi mú un."

Ẹ̀rín pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Rojina, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Tíṣà, ẹ bù ú fún wọn kí wọ́n tọ́ ọ wò jàre, bóyá kò níyọ̀!"

Dilliraj sọ ti Kòríà. Jasmaya di ojú, ó dẹ etí bí ìyá tó ń gbọ́ ẹkún ọmọ láti yàrá kejì. Ó ní rárá. Dilliraj sọ ti Jàpáànù. Rárá. Ó sọ ti Jámánì.

"Èyí ń họ ọ̀fun," ni Jasmaya wí. "Kì í ṣe òun."

"Màmá, èdè kì í ṣe tòmátì tí a ń tẹ̀ wò lọ́jà o! Ọjọ́ iwájú ọmọ yín là ń sọ!"

"Òun nìkan ni mo bí." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Tí mo bá ṣi èdè mú, mi ò ní rí i mọ́ láyé. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Àánú rẹ̀ wá ṣe Dilliraj. Ó dán èdè Màléṣíà wò. Jasmaya mi orí, ó ní aládùúgbò àwọn kan tó ti ibẹ̀ dé ti sọ ìyẹn fún òun gbọ́, kì í ṣe òun.

"Èyí tí mo ń wá, bí orin ló rí. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, á wá gé lójijì."

"Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

"Nílé."

Dilliraj gbà pé orí fóònù ni. Ó fẹ́ fi àwàdà tù ú nínú. "Ó ku ti Tuan nìkan nìyẹn," ló wí. Ará Fiẹtinámù ni Tuan yìí, yàrá kan náà ni wọ́n jọ sùn ní Màléṣíà. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló máa ń sunkún sí ìyá rẹ̀ létí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá, títí Dilliraj fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó ṣe ohùn bíi ti Tuan, ó sọ ọ́.

Tíì dà sí Jasmaya lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Omi ń bọ́ lójú obìnrin náà.

"Òun ni. Òun gan-an ni! Kí ló ń wí?"

"Ó ní, 'Màmá, mo fẹ́ wá sílé.'"

"Kọ́ mi."

"Háà, Màmá! Ta ló ń lọ ṣiṣẹ́ ní Fiẹtinámù? Àwọn náà ń sá jáde lọ síbi tí àwa ń sá lọ! Èdè yẹn ò lè wá iṣẹ́ kankan fún Binita."

"Mo ní kí o kọ́ mi."

Ìwọ̀nba tí Dilliraj mọ̀ ló kọ́ ọ. Jasmaya ní kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bèèrè orúkọ ènìyàn, orúkọ ìyá rẹ̀, àti ibi tí ilé rẹ̀ wà. Kò ya Dilliraj lẹ́nu. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ èdè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n Jasmaya ń kọsẹ̀, ó sì ń tún un pè. Rojina ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ lu àga kí ohùn náà lè bọ́ sípò. Nígbà tó mọ̀ wọ́n tán, Jasmaya tún bèèrè ọ̀kan sí i: báwo ni wọ́n ṣe ń ní kí ènìyàn dárí jini, pé àìmọ̀ ni. Dilliraj họrí títí kó tó rántí ohun tí Tuan máa ń wí bó bá ṣèèṣì tẹ òun lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ló fún un.

Oòrùn ti ń rọ̀. Jasmaya sáré so ìborùn rẹ̀, ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú kí òun ti délé, ẹnì kan ń dúró de òun. Dilliraj tẹ̀ lé e dé orí àtẹ̀gùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ta lẹ fẹ́ bi ní gbogbo ìbéèrè yìí?"

"Ọmọ ọlọ́mọ ni," ni Jasmaya wí, ó ń wọ bàtà rẹ̀, "ẹni tí wọ́n gbé dé láti Màléṣíà nínú àpótí òkú tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ṣí, tí wọ́n ní Binita ni, tí a sì dáná sun létí odò bí àṣà wa, láti ọjọ́ náà ló ti ń sunkún ní yàrá ọmọ mi tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò sì gbọ́ èdè wa."