Pèrègún Inú Àwòrán

Mutmainah gbé àwòrán kan kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìpàtẹ ní Bódìjà.

Igbó ló yà, igbó ló máa ń yà. Ìrókò, ọ̀pẹ, ìtàkùn. Níwájú, pèrègún tò lọ gbọọrọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń retí.

Olóyè Àyànṣọlá, baba tó ń kọ́lé tà káàkiri ìgboro, wọlé. Kò dá Mutmainah mọ̀, wọn ò fojú kan ara wọn rí.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ wọ́n ní irọ́ ni mo yà, pé kò sí irú igbó yìí n'Íbàdàn rí."

"Irọ́ kẹ̀? Ilẹ̀ mi ní Àpáta nìyí, kí n tó kọ́lé sí i!"

"Pèrègún yìí ńkọ́, sà? Wọ́n ní mo kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni."

"Ẹ̀ṣọ́ bí i ti báwo? Ó wà níbẹ̀ digbí! Èmi ni mo ní kí wọ́n hú u kí katapílà tó wọlé."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Orí Olóyè wú. Ó kọjú sí obìnrin tó ń ya fídíò.

"Ṣé fídíò yẹn gbọ́ mi dáadáa?"

"Ketekete, sà."

Ẹnu òròfó ní í pa òròfó.

Lóṣù tó kọjá, Olóyè gbé Kùránì dání ní kóòtù. Ó búra pé pèrègún kankan ò sí lórí ilẹ̀ náà rí.

Bàbá Mutmainah ló gbìn ín, ó fi pààlà oko rẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn ló ń rò títí ó fi kú, kí Mutmainah tó gbà á rò.

"Màá ra àwòrán yìí," Olóyè wí.

"Kì í ṣe títà, sà." Mutmainah rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó nawọ́ sí obìnrin onífídíò. "Lọ́ọ̀yà mi tuntun nìyẹn. Ẹ ó tún rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè, níwájú adájọ́."