Ilé Tó Kọjú sí Ilé Ìwé

Ejẹ́ǹtì ilé ni Baba Kọ́kọ́rọ́. Àwọn ìlú kéékèèké tó wà lẹ́bàá ojú irin ló ti ń báàyàn wá ilé, níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọkọ̀ lọ sígboro láàárọ̀, tí wọ́n sì ń padà wálé nírọ̀lẹ́. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń so mọ́ bẹ́líìtì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Látọjọ́ tí obìnrin aránṣọ kan ti wọ ọ́fíìsì ẹ̀ ló ti mọ̀ pé oníbàárà tó le ló dé yìí.

"Ilé tó bá sún mọ́ ilé ìwé tó dáa ni mo fẹ́," obìnrin náà wí. "Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méje."

"Ẹ ò mú un dání kó fojú ara ẹ̀ rí i?"

"Ó wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́? Kò ní bá wa yẹlé wò ni?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ilé ìwé náà ná, bàbá."

Ìlú tó sún mọ́ ìgboro jù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé ibẹ̀ ní pápá tó tẹ́jú, ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Obìnrin náà ò wo pápá, kò wo ilé ìyàgbẹ́. Ó bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kó jẹ́ kóun rí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ òun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń wò wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí agogo lù, táwọn ọmọ ń tú jáde, ó ń fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń kọjá. Aránṣọ ṣáà ni, Baba Kọ́kọ́rọ́ rò.

"Kì í ṣe ibí," obìnrin náà wí.

Bákan náà ló rí níbi kejì. Níbi kẹta, Baba Kọ́kọ́rọ́ yin ilé ìwé náà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ilé ìkàwé wà níbẹ̀, ó ní àwọn tíṣà ibẹ̀ kì í na ọmọ. Obìnrin náà wo àwọn ọmọ tán, ó jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá géètì, ó sì pẹ́ kó tó lè dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú nínú bàtà.

"Ìyá ọmọ, ẹ má bínú o," Baba Kọ́kọ́rọ́ wí nínú ọkọ̀ ojú irin. "Ọmọ tó máa mọ̀wé, ibi yòówù kẹ́ ẹ fi í sí, á mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé ohun tí kò sí lẹ̀ ń wá."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Obìnrin náà kọjú sí fèrèsé. "Ó sì lè jẹ́ pé mo ti kọjá lára ẹ̀, tí mi ò dá a mọ̀."

Baba Kọ́kọ́rọ́ kì í rí ìtàn tó dùn kó gbé e mì. Ìyàwó ẹ̀ a máa sọ fún un pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín ló máa ń fi í rín, torí ẹnu yẹn náà ló ń bá a wá ayálégbé. Lọ́sẹ̀ yẹn, bó ṣe ń yẹ àwọn ilé ẹ̀ wò káàkiri, ìtàn aránṣọ yìí ló fi ń pa àwọn ayálégbé lẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ kan rẹ́rìn-ín títí abẹ fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kódà, atúnrédíòṣe kan wà nínú wọn tó ti pé ọdún kan tó gbalé, tẹ́nikẹ́ni ò rí eyín ẹ̀ rí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún bàbá náà, ó ní kó tún un sọ, bí obìnrin náà ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, àti bó ṣe ń fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ. Ó bi í bóyá obìnrin náà máa dé ìlú tàwọn náà. Inú Baba Kọ́kọ́rọ́ dùn délé lọ́jọ́ náà.

Níbi kẹrin, pàbó. Níbi karùn-ún, òjò ń rọ̀.

"Ibí lojú irin parí sí," obìnrin náà wí. "Tí kì í bá ṣe ibí, mi ò tún mọ ibi tí màá yà sí mọ́."

Tíṣà kíláàsì náà gbà wọ́n tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó ní wọ́n kúkú ríre, àyè ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Baba Kọ́kọ́rọ́ pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà wo àwọn ọmọ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, ojú ẹ̀ kọjá lórí àyè tó ṣófo náà, ó sì ṣẹ́rí padà.

"Kì í ṣe ibí."

Àánú ẹ̀ ṣe Baba Kọ́kọ́rọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà wo ilé kan kí wọ́n tó máa lọ, ilé tó kọjú sí ilé ìwé gan-an, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ilé ìdáná kékeré, àti fèrèsé tí wọ́n ti lè máa rí ọmọ bó bá ń ṣeré. Ara ìṣó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé aṣọ ọmọdé kan kọ́ tí àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá.

"Ẹ foríjì mí," bàbá náà wí. "Ẹni tó kó jáde ò palẹ̀ mọ́."

Obìnrin náà ti débẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ó yí ìṣẹ́tí aṣọ náà síta. Wọ́n ti tú u sílẹ̀ léraléra bí ọmọ náà ṣe ń ga, títí tí kò fi sí ohun tí wọ́n lè tú mọ́. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àbí ibí ni?" Baba Kọ́kọ́rọ́ bi í.

"Ibí ni."

Inú bàbá náà dùn dọ́ba. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kọ́kọ́rọ́ ilé náà kúrò lára ìdì.

"Ta ló ń gbébí?" obìnrin náà bi í.

"Atúnrédíòṣe kan ni, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ìjẹta ni wọ́n kó jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé. Abẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi ló ti kọ́kọ́rọ́ sí, kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnì kankan."

"Èmi ni mo rán aṣọ yìí, lọ́sẹ̀ tí bàbá ẹ̀ gbé e sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́," obìnrin náà wí. "Ta ló sọ fún un pé mò ń bọ̀?"