Ọjọ́ Tí Tomoe Ká Ọgbà Mame Kúrò Nílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ nílé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Mo mọ ilé tó ti ṣẹlẹ̀, ọkàn mi kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

1.
Ní ìlú Morioka ní ilẹ̀ Japan, Tomoe fẹ́ Yasuhiro, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọkùnrin náà ní ọmọbìnrin kan, Chizuru, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Chizuru kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ń kí Tomoe láàárọ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tó bá sè, àmọ́ bó bá ti jẹun tán, yàrá rẹ̀ ló ń wọ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo tí Tomoe ń fẹ́ láyé ni kí ọmọ yìí gbà á ní ìyá.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní ni Mame. Eku ọ̀sìn kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní hámústà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń wú bó bá kó oúnjẹ sẹ́nu. Ìyá Chizuru ló rà á fún un kó tó wọ ilé ìwòsàn tí kò ti jáde mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Chizuru máa ń tú Mame sílẹ̀ kó lè sáré nara. Òfin rẹ̀ le ju ti ọlọ́pàá lọ. Ó ní a gbọ́dọ̀ ta ọgbà wáyà yí i ká. Ó ní a gbọ́dọ̀ ká aṣọ kótátsù sókè, ìyẹn tábìlì kúkúrú tó ní iná lábẹ́, tí gbogbo ilé máa ń na ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀ nígbà òtútù. Ẹni tó bá sì ń ṣọ́ Mame kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

2.
Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Chizuru ṣílẹ̀kùn, ó ní kí Tomoe wá jókòó ti òun. Ó gbé Mame lé e lọ́wọ́.

“Ẹ má dì í mú o, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rìn.”

Tomoe na apá rẹ̀ síwájú. Eku náà rìn gun apá rẹ̀, ó jókòó síbi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń nu ojú.

“Ó fẹ́ràn yín,” ni Chizuru wí. “Bí mi ò bá sí nílé, ẹ lè fún un ní hóró elégédé. Àmọ́ ẹ má tú u sílẹ̀ láìta ọgbà. Bó bá wọ abẹ́ aṣọ, ẹnikẹ́ni ò ní rí i.”

Tomoe ní òun ti gbọ́. Ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó sunkún ayọ̀. Ẹ̀yin ará, ká ní ó mọ̀, ì bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀.

3.
Kò pẹ́ sígbà náà ni Fusae, àbúrò ìyá Tomoe, wá kí i. Obìnrin yìí ni kò fẹ́ kó fẹ́ ọlọ́mọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tíì tí Tomoe gbé fún un kò tíì tutù tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Ṣé ọmọ yẹn ti ń bá ọ sọ̀rọ̀, àbí alásè wọn lo ṣì jẹ́?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tomoe lára. Chizuru wà ní ilé ìwé. Tomoe dìde, ó gbé Mame jáde kí Fusae lè rí ohun tí ọmọ náà fi sí ìkáwọ́ òun, ó sì ń ta ọgbà náà lọ́wọ́ nígbà tí Fusae bú sẹ́rìn-ín.

“Kí lo fẹ́ fi gbogbo wáyà yìí ṣe? Ṣé kìnnìún lo fẹ́ tú sílẹ̀ ni?”

Ojú ti Tomoe. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ká ọgbà kúrò nílẹ̀, ó fi ti ògiri. Kò ká aṣọ kótátsù sókè, torí ẹsẹ̀ Fusae ń tutù. Ó ní Mame mọ òun, kò lè sá fún òun. Eku ń sáré káàkiri orí ẹní, Fusae sì wá rẹ́rìn-ín gidi, ó ní Tomoe ti di ìyá ọmọ nìyẹn. Orí Tomoe wú.

Nígbà tí Fusae fẹ́ lọ, Tomoe sìn ín jáde. Níbẹ̀, a kì í sin àgbà dé ẹnu ọ̀nà lásán; èèyàn á dúró títí àgbà náà á fi kọjá ojú. Ó dúró nínú yìnyín. Fusae yíjú padà, ó tẹríba, Tomoe tẹríba. Fusae rìn díẹ̀, ó tún yíjú padà. Ìgbà yẹn ni Tomoe rántí pé Mame wà nílẹ̀. Àmọ́ báwo ni yóò ṣe kẹ̀yìn sí àgbà tó ń tẹríba fún un? Ó dúró títí Fusae fi yà ní kọ̀rọ̀.

4.
Ó padà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ti kú fún òtútù. Ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo abẹ́ àga, ó pe Mame títí. Ó ní kí òun yáná díẹ̀ ná, kí òun tún wá a. Ó kúnlẹ̀ sí etí aṣọ kótátsù kó lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ó mọ ohun tó kúnlẹ̀ lé lábẹ́ aṣọ náà kó tó gbé orúnkún kúrò.

Ó pe ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Yasuhiro ní kó tẹ́ eku náà sínú àgò tó ń sùn sí, kó fi koríko gbígbẹ bò ó, kí wọ́n sọ pé ojú oorun ló kú sí. Ó ní irú wọn kì í pẹ́ láyé tẹ́lẹ̀. Tomoe ṣe bó ṣe wí.

5.
Chizuru dé, kò tíì sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀ tó fi ṣí àgò. Tomoe ní ojú oorun ni Mame kú sí. Ọmọ náà gbé e sọ́wọ́, ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo ọgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó wo aṣọ kótátsù nílẹ̀, àti ife méjì lórí tábìlì.

“Ẹ tú u sílẹ̀ fún àlejò wò,” ni ó wí.

Tomoe kúnlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Chizuru kò sunkún lójú rẹ̀.

“Ẹ dìde, Àǹtí. Ilẹ̀ tutù.”

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ ti dì nítorí òtútù. Omi gbígbóná ni Yasuhiro dà sí i kó tó lè gbẹ́ ihò kékeré tí wọ́n sin Mame sí.

Yìnyín ti yọ́ tipẹ́. Chizuru ṣì ń kí Tomoe láàárọ̀, ó ṣì ń dúpẹ́ oúnjẹ. Kò rí i fín rí. Lóṣù tó kọjá, ibà gbé Chizuru dè. Tomoe wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Bàbá rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ ni ọmọ náà tẹ̀ láago, pé kó wá fún òun lómi.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá tú ẹran ọ̀sìn kékeré sílẹ̀ kó ṣeré, ẹ ta ọgbà yí i ká, ẹ ká gbogbo aṣọ àti tìmùtìmù kúrò nílẹ̀, ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀ nítorí àlejò, bó ti wù kí àlejò náà jẹ́ àgbà tó. Ohun tí ọmọ bá sì fọkàn tán yín gbé lé yín lọ́wọ́, ẹ má fi ṣe fáàrí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.